Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ àti Inú Ọmọlúàbí: Àlàyé lórí Ìdákẹ́ nínú Èdè Yorùbá

Òwe kan wà tí kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá tí kò tíì fi kọ́ni tàbí kí ó fi dán ọmọ ilé-ìwé wò: àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odindi. Bí a bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ máa ń kọ ni pé ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ yé ọlọ́gbọ́n. Ìdáhùn náà kò burú, a sì máa ń fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú ṣùnnùkùn wo òwe yìí, a óò rí i pé ó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní apá kan wà tí a sọ jáde. Ó ní apá kejì wà tí a kò sọ, tí kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ náà. Ó wá sọ ibi tí apá méjèèjì ti ń pàdé. Kò pe ibẹ̀ ní etí, bẹ́ẹ̀ ni kò pè é ní ẹnu. Inú ni ó pè é.

Àwa tí a kọ àlàyé yìí ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Tápà ní ilẹ̀ Ìbàràpá, a sì máa ń yẹ ìwé ìdánwò wò. Ohun tí ó mú wa gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ni pé àwọn ọmọ wa ń pàdánù máàkì lórí ìdákẹ́ ní ọ̀nà méjì. Wọ́n ń dákẹ́ níbi tí a ti fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì ń ka ìwé, ìdákẹ́ tí ó wà nínú ohun tí wọ́n ń kà kì í yé wọn, nítorí pé àwa gan-an kò kọ́ wọn bí a ti í kà á. Èrò wa ni pé ìdí kan náà ni ó fa méjèèjì: à ń kọ́ni bí ẹni pé òfìfo ni ìdákẹ́. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò kà á sí òfìfo.

Ibùgbé ọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú. Àwọn èdè kan wà, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tí ó jẹ́ pé ẹ̀yà ara kan ṣoṣo tí ń lù nínú àyà ni wọ́n gbé ìfẹ́, ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́ àti ìgboyà lé lórí. Yorùbá pín iṣẹ́ náà ni. Àyà ni ó ni ìbẹ̀rù àti ìgboyà: àyà mi já, àyà rẹ̀ pami, ó láyà. Ọkàn ni ó ni ìfọ̀kàntán àti ìrántí: ọkàn mi balẹ̀, mo fọkàn tán an, fi í sọ́kàn. Ojú ni ó ni ìtìjú. Inú ni ó wá kó èyí tí ó pọ̀ jù. Ẹni tí a ṣẹ̀, inú ni ó bí i, ibẹ̀ ni a ti rí bínú. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, inú rẹ̀ ni ó bàjẹ́, ibẹ̀ ni a ti rí ìbànújẹ́. Ẹni tí ó lawọ́ jẹ́ onínúure. Pàápàá jù lọ, ẹni tí ó ń ro ọ̀rọ̀ kí ó tó sọ ọ́, ó ń ronú ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe rò ni ó pàdé inú, tí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì di ohùn àárín, gẹ́gẹ́ bí rà ti í di ra nínú ra aṣọ. Láti ara ronú yìí ni a ti mọ̀ pé inú tí Yorùbá ń bínú sí kan náà ni ó fi ń gbèrò. Kò ya ìmọ̀lára sọ́tọ̀ kúrò lára ọgbọ́n.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà. Odindi Bíbélì ní èdè Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, jáde ní 1884. Nígbà tí àwọn atúmọ̀ èdè náà dé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, aiya ni wọ́n kọ sí ibòmíràn, ọkàn ni wọ́n kọ sí ibòmíràn. (Aiya ni àkọtọ́ àtijọ́, àyà ni à ń kọ lábẹ́ àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974.) Iṣẹ́ takuntakun ni wọ́n ṣe, a kò sì ní ẹ̀sùn kankan sí wọn. Ṣùgbọ́n èdè ṣọ́ọ̀ṣì ti wọ inú àròkọ àwọn ọmọ wa débi pé a máa ń rí ọkàn mi dùn níbi tí ìyá wọn nílé yóò ti sọ pé inú mi dùn. A kò ní kí olùyẹ̀wò fa igi lé e. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ tí inú ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní mọ ìdí tí òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò fi sọ pé bí ó bá dé ọkàn rẹ̀.

Inú yìí náà ni Yorùbá fi ń díwọ̀n òótọ́. Ẹ̀rín tí kò ti ọ̀dọ̀ ẹni wá, a ní kò dénú. Ọrẹ tí a kò fi ipá gbà, a ní àtinúwá ni. Èyí fi hàn pé ọ̀nà wà láàárín inú àti ẹnu, ọ̀rọ̀ lè rin ọ̀nà náà dópin, ó sì lè dúró lójú ọ̀nà. Orúkọ tí a ń pe ìdúró náà ni ó kàn.

Ìdákẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan

Bí a bá ní kí ọmọ ilé-ìwé túmọ̀ dákẹ́, pa ẹnu mọ́, wò sùn-ùn àti yan odì, á kọ ọ́ pé ìtumọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ní: kí á má sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Dákẹ́ ni ó gbòòrò jù. Òjò a máa dákẹ́, ọmọ tí ń sunkún a máa dákẹ́, ilé a sì máa dákẹ́ rọ́rọ́. A tún máa ń lò ó fún ikú, láti fi bo ohun tí ó burú létí mọ́lẹ̀. Bí òǹkọ̀wé bá sọ fún wa pé bàbá tí ó ti ń ṣàìsàn láti orí kìíní dákẹ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ikú ni ó ń sọ. Ọmọ tí ó bá kọ ọ́ sínú ìdáhùn rẹ̀ pé bàbá náà kò fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́ kò gbọ́ àyọkà náà yé rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Pa ẹnu mọ́ yàtọ̀ gédégédé. Pa àti mọ́ tí a fi sọ pé kí á pa owó mọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí a kò ní, a kò lè pa á mọ́. Nítorí náà ẹni tí ó pa ẹnu mọ́ ní ọ̀rọ̀ nínú. Ó ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ owó ni. Àwọn ẹlòmíràn sì lè ṣe iṣẹ́ náà fún un láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀: wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ wo bí ìró kan ṣoṣo, lẹ́nu, ti sọ ọgbọ́n ènìyàn di ìyà rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rù tàbí ìyàlẹ́nu bá sì dé bá àwùjọ lójijì, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é níbẹ̀.

Yan odì ni èyí tí ó ṣòro jù láti kọ́ni. Àwọn méjì tí ń yan odì lè máa sùn lábẹ́ òrùlé kan náà, kí wọ́n má ki ara wọn láti ọdún dé ọdún. Ìdákẹ́ tí ń ké gbàjarè ni. A rọ ẹ̀yin olùkọ́ kí ẹ lo ọ̀rọ̀ yìí láti fi kọ́ àmì ohùn, nítorí pé lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni ó gbé ohun mẹ́ta tí ó súnmọ́ra dání: odi ni ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, odì ni kèéta tí kò jẹ́ kí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ sọ ọ́, òdì sì ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà nígbà tí kò gba ibi tí ó yẹ. (Odi tí a mọ yí ìlú ká náà wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.) Ọmọ tí ó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i pé àwọn ìyàwó méjèèjì ń yan odi ti sọ ohun tí olùyẹ̀wò yóò máa méfò lórí rẹ̀.

Nígbà tí ó bá kan òwe, àwọn ọmọ a máa rò pé Yorùbá ń ta ko ara rẹ̀, àwọn olùkọ́ mìíràn pàápàá sì gbà bẹ́ẹ̀. Ní apá kan, wọ́n ní a kì í dákẹ́ kí á ṣìwí, a kì í wò sùn-ùn kí á dáràn. Ní apá kejì, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èwo ni kí ọmọ kọ bí a bá ní kí ó jiyàn lórí bóyá ìdákẹ́ sàn ju ọ̀rọ̀ lọ? A máa ń rí àwọn tí wọ́n kó òwe méjèèjì jọ sínú ìpínrọ̀ kan láìmọ̀ pé wọ́n ń bára wọn jà. Ṣùgbọ́n wọn kò bára wọn jà ní tòótọ́. Tara rẹ̀ ni kókó òwe kejì. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni, ẹnu ẹni ni a fi ń béèrè rẹ̀, ẹlòmíràn kò ní ronú kàn án. Òwe kìíní ń sọ nípa ọ̀rọ̀ tí a kò tíì ro dáadáa, tàbí tí kì í ṣe tiwa láti dá sí. Ẹ fi òwe kẹta kún un: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ náà kì í ṣe tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, síbẹ̀ a kò gbà á láàyè láti dákẹ́, nítorí pé àgbà ni. A rí i báyìí pé Yorùbá kì í béèrè bóyá ìdákẹ́ dára. Ẹni tí ó dákẹ́, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó dákẹ́ lé lórí àti ipò tí ó wà ni ó ń béèrè.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò gba ẹnu kọjá

Àrokò ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù pé àwọn baba wa mọ bí a ti í fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ní 1885, Àlùfáà C. A. Gollmer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ṣiṣẹ́ ìyìn rere fún CMS ní Àgbádárìgì, Èkó àti Abẹ́òkúta, gbé àlàyé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù nípa irú iṣẹ́ àìfẹnujẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ó rí láàárín wa. Ó ṣeé ṣe kí àjèjì rò pé àwòrán ni àrokò. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ìró èdè ni ó dì sínú ẹrù. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnìkejì, iye náà ni yóò kà, yóò sì dé ẹ̀fà. Nínú ẹ̀fà ni yóò ti gbọ́ fà, pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí i. Bí òun náà bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò dá mẹ́jọ padà: ẹ̀jọ, kí á jọ wà. Òòyà tí a fi ránṣẹ́ kò dára, yà ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ohùn fà àti ti jọ bá ohùn tí ó gbẹ̀yìn ẹ̀fà àti ẹ̀jọ mu régí. Ìránṣẹ́ kò fọhùn, owó kò fọhùn, síbẹ̀ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè rí iṣẹ́ náà gbà. Inú ẹni tí a rán an sí ni ọ̀rọ̀ ti di odindi. Bí kò bá sì dá ohunkóhun padà, ìyẹn náà jẹ́ èsì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀dọ́ òde òní tí wọ́n ń wo fóònù wọn ti mọ̀ dáadáa.

Ìlù dùndún náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń gbé jáde, kò ní kọ́ńsónáǹtì. Olùgbọ́ ni ó ń fi ìyókù kún un. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ pé bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Nínú agbo ilé pẹ̀lú, ìdákẹ́ a máa bí ọ̀rọ̀ tuntun. Ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí a bí kí ó tó wọlé pàápàá, ọkọ rẹ̀ ni. Kí ni yóò wá máa pè wọ́n? Ó ń sọ wọ́n ní Adúmáadán, Ìbàdíàrán, Ìdílẹ̀kẹ̀, Eyínfúnjowó. Òfin sọ pé kí ó pa ẹnu mọ́ lórí orúkọ, òun sì fi ewì dí àlàfo náà. Bí ọmọ bá kọ àwọn orúkọ wọ̀nyí lábẹ́ àṣà nìkan, kí á fi hàn án pé lítíréṣọ̀ ni wọ́n pẹ̀lú.

Ọmọ tí ó dákẹ́ níwájú olùkọ́

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan kíláàsì. Láti kékeré ni a ti ń kọ́ ọmọ ní Tápà, bí a ti ń kọ́ ọ jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, láti mọ ojú. Àlejò wà nílé, oúnjẹ dé, ìyá kò sọ nǹkan kan, ó kàn ṣẹ́ ojú sí ọmọ, ọmọ sì fà sẹ́yìn. Ọmọ tí ó mọ ojú ni àwọn ará ilé ń yìn. Kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu, kì í tẹjú mọ́ àgbà bí wọ́n bá ń bá a wí, bí a bá sì bi í ní ìbéèrè ní gbangba, ó lè tẹ orí ba kí ó dákẹ́. Kì í ṣe pé kò mọ ìdáhùn. Ó ń bọ̀wọ̀ fúnni ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ti ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ di odindi nínú rẹ̀ kí ó tó mọ a-bí-dí.

Ọmọ yìí kan náà wọ ilé-ìwé, olùkọ́ ní kí ó wo ojú òun, kí ó sọ̀rọ̀ sókè, kí ó jiyàn. Nínú ìdánwò àfẹnusọ tí a máa ń ṣe fún wọn ní kíláàsì, òdo ni à ń kọ fún ẹni tí ó bá dákẹ́. Olóyè ọmọ àti ẹni tí kò ka ìwé wá gba máàkì kan náà. A ti rí i tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ àròkọ tí ó pegedé ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

Àwọn kan lè sọ pé àṣà ni ó ń ṣe ìdíwọ́, kí á gbé e tì. Àwa kò fara mọ́ èyí, nítorí pé àṣà náà kò fi ìgbà kankan ní kí ọmọ máa dákẹ́ títí. Ó ṣètò ibi tí ọmọ yóò ti sọ̀rọ̀, ó sì gbà á láàyè níbẹ̀ ju bí a ti gbà á láàyè ní kíláàsì lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá jókòó yí ẹ̀gúsí ká tí wọ́n ń bó o, tí ààlọ́ àpamọ̀ sì bẹ̀rẹ̀, ọmọ a máa já ààlọ́ mọ́ ìyá rẹ̀ àgbà lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní aláfojúdi. Ní agbègbè Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ọmọbìnrin tí ó ti ń pa ẹnu mọ́ láti kékeré a sun ẹkún ìyàwó ní ọjọ́ tí ó ń lọ sí ilé ọkọ. Ní ọjọ́ náà, á dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, á tọrọ ìre, á sì sọ ohun tí ń dùn ún, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́kun. (Lóde òní, alága ìjókòó àti alága ìdúró ni ó ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ń gba owó lé e, ìyàwó a kàn máa rẹ́rìn-ín. A kò mọ ẹni tí ó jèrè nínú pàṣípààrọ̀ náà bí kò ṣe àwọn alága.)

Ohun tí a lè rí kọ́ nínú èyí ni pé ìlànà ni ó ń ṣí ẹnu ọmọ. Igbe Ààlọ́ o ni ó ń sọ fún un pé àyè ti yọ̀. Bí olùkọ́ bá fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó wá ìlànà bẹ́ẹ̀ sí kíláàsì: kí ó fi ààlọ́ àpamọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àfẹnusọ, kí ó jẹ́ kí ọmọ méjì bi ara wọn léèrè níwájú rẹ̀ dípò kí òun nìkan máa bi wọ́n, kí ó sì jẹ́ kí ìdáhùn àkọ́kọ́ wá láti ẹnu gbogbo kíláàsì. A ti dán èyí wò, ọ̀pọ̀ ẹnu ni ó ṣí.

Ní ti ìwé ìdánwò, abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí à ń dán àwọn ọmọ wò lé lórí, èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà, ni ìdákẹ́ ti ní iṣẹ́ láti ṣe. Síbẹ̀, ohun tí ẹnu sọ nìkan ni ìbéèrè wa lórí àyọkà máa ń dá lé: kí ni Àjàdí wí, ta ni ó wí i fún. A dábàá pé kí ìbéèrè kan, ó kéré tán, máa dá lé ibi tí ẹnì kan ti dákẹ́: irú ìdákẹ́ wo ni èyí, ọ̀rọ̀ wo ni ó wà nínú rẹ̀ tí kò sọ, gbólóhùn wo nínú àyọkà ni ó jẹ́ kí o mọ̀? Apá kẹta ìbéèrè yìí ni kí máàkì pọ̀ sí jù, kí àwọn ọmọ má baà sọ ọ́ di àròsọ. Kí olùyẹ̀wò sì múra láti gba ìdáhùn tí kò sí nínú ìwé ìlànà rẹ̀, bí ọmọ bá ti lè tọ́ka sí ibi tí ó ti rí i.

Ní ti ọmọ tí ó dúró níwájú wa tí ó tẹ orí ba, kí olùkọ́ ka ení dé ogún nínú ara rẹ̀ kí ó tó kọ òdo. Bí ó bá ka á tán tí ọmọ kò tíì fọhùn, kí ó tún ìbéèrè náà gbé kalẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, kí ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀, kí ó sì máa wo fèrèsé.